ỌGBỌ́N ÌYÁ ELÉPO NÍNÚ ÀPÓTÍ ẸJA: BÍ WỌ́N ṢE Ń YAN Ẹ̀RỌ TÓ Ń FI ÌFÓFÒÓ FỌ OMI ÒKUN

Ìyá elépo mọ ìfófòó. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa rí, á ti rí i bí àwọn obìnrin ṣe ń da omi sí ẹyìn tí wọ́n ti gún, tí wọ́n á máa rò ó, tí wọ́n á máa rò ó, títí ìfófòó pupa á fi gbéra sókè. Ìfófòó yẹn ni wọ́n ń ré sínú ìkòkò, tí wọ́n á gbé ka iná, tí epo á yọ. Háà! Ta ló máa rò pé ọgbọ́n kan náà yìí ni àwọn òyìnbó fi ń gba ẹ̀mí ẹja là nínú pálọ̀ wọn? Ìyàtọ̀ kan péré ló wà ńbẹ̀. Ìyá elépo ń fẹ́ ìfófòó, omi ló ń dà nù. Ẹni tó ń sin ẹja òkun nílé ń fẹ́ omi, ìfófòó ló ń dà nù.

Protein skimmer ni òyìnbó ń pe ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Sìkímà ti tó lẹ́nu tiwa. Abẹ́ àpótí dígí tí wọ́n ti ń sin ẹja òkun pẹ̀lú iyùn ló sábà máa ń wà, níbi tí àlejò kò ti ní rí i. Kì í ṣe ẹja jíjẹ o, ẹja ìwòran ni. Èyí táwọn ọmọdé mọ̀ jù nínú wọn ni ẹja rúsúrúsú abilà funfun tó wà nínú fíìmù Finding Nemo ti ọdún 2003. Ní Jámánì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sin irú ẹja yìí pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì ń náwó lé e lórí bí ẹni ń kọ́lé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rà, sìkímà ni wọ́n ń jiyàn lé lórí jù. Ẹni tó bá ṣì í yàn kò ní pẹ́ mọ̀.

IYÙN TÓ Ń JẸUN

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé iyùn ń jẹun. Iyùn tí ìyàwó ń so mọ́ ọrùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ọba ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ́jọ́ ọdún, egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Ẹ̀dá náà kéré, òmíràn kò ju orí ìṣó lọ. Ó lẹ́nu, ó sì ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á máa kọ́ ilé líle bí ẹfun, àwọn tuntun á máa kọ́lé lé orí ti àwọn tó ti kú, títí ó fi máa di nǹkan ńlá nínú òkun. Èyí tó pupa gidi, tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ pa wò kí wọ́n tó dá owó lé e, òkun Mẹditaréníà ni ìlú rẹ̀, ìlú Torre del Greco lẹ́bàá Naples ní Ítálì sì ni òkìkí gbígbẹ́ rẹ̀ kàn sí jù.

Iyùn inú àpótí dígí kì í ṣe ti ọrùn ọba yẹn. Ẹbí rẹ̀ ni. Òkun tó móoru, tó mọ́ gaara, bíi ti Indonésíà, Fíjì àti Ọsirélíà ló ti ń wá. Ní etíkun tiwa l'Èkó, omi odò àti ti ọ̀sà ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, irú iyùn yìí kì í kọ́ òkìtì síbẹ̀. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni ewéko tíntìntín kan ń gbé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná tó mọ́lẹ̀ yòò sórí àpótí náà. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ara iyùn kò bá lélẹ̀, ewéko yẹn á kó jáde, iyùn á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹlòmíràn á rí i, á ní ó mà dára o. Kò dára rárá. Ebi ló ń pa á.

Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NOAA ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé iyùn ń funfun káàkiri òkun ayé nítorí ooru omi, ó sì jẹ́ ìgbà kẹrin tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ kárí ayé. Nígbà tí òkun fúnra rẹ̀ ń jìyà báyìí, ẹni tó bá mú iyùn wá sínú ilé rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀mí iyùn náà wà. Kò sí ìgbì tó máa bá a gbálẹ̀. Òun ni òkun.

BÍ OMI ṢE Ń BÀJẸ́

Ẹja yàgbẹ́ nínú òkun, ìgbì gbé e lọ. Nínú àpótí tí kò ju tábìlì ìjẹun lọ, ibo ni á gbé e lọ? Oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ìgbẹ́, ìtọ̀, ikun ara ẹja àti ti iyùn, gbogbo rẹ̀ á máa yòrò mọ́ omi, á máa rà. Tó bá ti rà, á di amóníà, tí í ṣe májèlé fún ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara òkúta á sọ amóníà di náítíráìtì, wọ́n á tún sọ ìyẹn di náítíréètì. Náítíréètì kì í tètè pa ẹja, àmọ́ bó bá ti gbára jọ, ewéko yíyọ̀ aláwọ̀ ewé á bo gbogbo ilé iyùn bí igbó ṣe ń bo oko tí olóko pa tì.

Ṣé asẹ́ lásán kò tó ni? Asẹ́ ń mú ohun tó ní èèpo, bó ṣe ń mú èérí ọkà kúrò lára ògì. Èyí tó ti yòrò mọ́ omi, asẹ́ kò rí i mú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ sìkímà wà. Ó ń kó ẹ̀gbin kí ó tó rà. Tó bá ti rà tán, tó ti di amóníà tàbí náítíréètì, ọwọ́ sìkímà kò tó o mọ́.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Purotéènì tó yòrò nínú omi ní apá méjì. Apá kan fẹ́ràn omi, apá kejì kórìíra omi bí ológbò. Bí ẹ̀rọ bá tú hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi, apá tó kórìíra omi á sáré dì mọ́ afẹ́fẹ́. Hóró afẹ́fẹ́ á gbé e gòkè, wọ́n á kó ara wọn jọ di ìfófòó, ìfófòó á gun ọrùn ẹ̀rọ, á tú sínú ife tó wà lókè pátápátá. Ẹni tó lẹ́ja á yọ ife, á dà á sí ṣáláńgá, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Ẹni tó ti lọ sí etí òkun lọ́jọ́ tí ìgbì le ti rí ìfófòó tó ń sáré lórí iyanrìn. Sìkímà tí Ọlọ́run ṣe nìyẹn. Àní, bí wọ́n ṣe ń ya kọ́pà kúrò lára òkúta tí wọ́n lọ̀ ní Sáńbíà, ìfófòó ni wọ́n ń lò níbẹ̀ náà.

Hóró afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kéré. Igba hóró kéékèèké ní ara tí ẹ̀gbin lè dì mọ́ ju hóró ńlá méjì lọ, bí afẹ́fẹ́ inú wọn tilẹ̀ jẹ́ iye kan náà. Iyọ̀ inú omi òkun kì í jẹ́ kí hóró wọ̀nyí tètè lẹ̀ pọ̀ di ńlá. Nínú omi odò tàbí omi kànga, wọ́n á lẹ̀ pọ̀ kíákíá, wọ́n á bẹ́ sókè, ìfófòó kò sì ní dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àrọ̀ n'Íkòròdú, n'Íjẹ̀bú, n'Íbàdàn, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Sìkímà kì í ṣe tiyín. Bí oníjìbìtì kan bá gbé e wá pé á fọ omi àrọ̀ mọ́, ẹ lé e lọ. Omi iyọ̀ ni ìlú rẹ̀. Àrọ̀ tilẹ̀ lágídí ara, ó lè yọjú sókè kó mí afẹ́fẹ́. Ẹja òkun inú dígí kò lè dán irú ẹ̀ wò.

ÀWỌN ARÁ JÁMÁNÌ

Ní ọdún 1961, ọkùnrin kan ní Jakarta ní Indonésíà, Lee Chin Eng lorúkọ rẹ̀, kọ̀wé nípa bó ṣe ń sin ẹja òkun pẹ̀lú òkúta òkun tí kòkòrò ṣì ń gbé lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti oòrùn. Etí òkun ló ń gbé, omi tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n jìnnà sí òkun gbígbóná kò ní irú àǹfààní yẹn, ni wọ́n bá fi ọgbọ́n ẹ̀rọ kún un. Láàrin àwọn ọdún 1960, Erwin Sander wà lára àwọn tó ń ṣe sìkímà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Berlin kó nǹkan mẹ́ta pọ̀: òkúta òkun alààyè, iná tó mọ́lẹ̀ gidi, àti sìkímà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Dietrich Stüber, ọ̀kan nínú wọn, sin iyùn kan débi pé ó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn bí ẹni ń gé pákí gbìn. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iyùn ọ̀hún. Ọ̀nà Berlin ni wọ́n ń pe ètò yẹn, òun náà ló sì gbòde l'Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990.

ARA PÁÁLÍ KÌ Í SỌ ÀLÉÉBÙ

Ká sọ pé ìyá aláṣọ kan láti Gbági n'Íbàdàn lọ kí ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Houston. Ó wọ pálọ̀, ó rí dígí tó ń tàn, ẹja ń yí, iyùn ń jó. Ó dára lójú. Àmọ́ imú rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn fún un.

"Ọmọ mi, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màámi. Ife yẹn ni. Ẹ̀gbin ẹja ni."

"Ẹ̀gbin ẹja nínú ife? Kí lẹ ń fi ṣe?"

"Dídà nù ni, màámi."

"Èló lo ra ẹ̀rọ yẹn?"

Ọmọ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Irínwó dọ́là."

"Irínwó dọ́là, láti máa kó ìgbẹ́ ẹja!"

Ọ̀rọ̀ á pa á lẹ́rìn-ín, àmọ́ á ṣàlàyé. Á ní irínwó yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ti kọ́kọ́ ra ọ̀kan tó pò, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé ó tó fún àpótí tó tóbi tó tòun. Láàrin oṣù díẹ̀ ewéko yíyọ̀ bo gbogbo òkúta, iyùn méjì tó dára jù kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó tó?"

"Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí, màámi."

"Ara páálí! Ta ló ń kọ àléébù ọjà ẹ̀ sára páálí? Bí mo bá ní àǹkárá kan kì í ṣí, ṣé o ò ní kọ́kọ́ fọ etí ẹ̀ wò?"

Ìyá yìí kò mọ sìkímà, ó mọ ọjà. Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹrajà ń ṣubú sí gan-an lo tọ́ka sí yẹn. Bí páálí bá kọ ọ́ pé "tó 1,000 lítà", èyí tó tóbi jù tó lè gbìyànjú ni, nínú àpótí tí ẹja rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tó ń ṣòótọ́ máa ń kọ iye méjì tàbí mẹ́ta: ti ẹja díẹ̀, ti ẹja níwọ̀nba, ti ẹja púpọ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ti ẹja púpọ̀, ni kí òǹrajà kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, kó gé e sí méjì lọ́kàn ara rẹ̀.

Kí ó tó wo páálí pàápàá, ó yẹ kó mọ iye omi tòun. Àpótí tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 60, tó ga ní 60, 432 lítà ló ń gbà bó bá kún dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń kún un dé ẹnu, òkúta náà sì gba àyè tirẹ̀, ó lè ku bí 350. Àpótí kejì tó wà lábẹ́, níbi tí omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí kí pọ́ǹpù tó tún dá a padà sókè, lè fi bí 100 kún un. 450 lítà nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ní ẹja mẹ́wàá tó ń jẹun dáadáa, sìkímà tí wọ́n kọ ọ́ pé ó tó 500 fún ẹja púpọ̀ ni kó wá.

Ẹja ni wọ́n ń ka, wọn kì í ka omi nìkan. Ilé tó ní ọmọ mẹ́jọ àti ilé tó ní ọmọ kan, bí yàrá wọn tilẹ̀ dọ́gba, ṣé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá lè dọ́gba? Ẹni tó ní iyùn púpọ̀ tí ẹja rẹ̀ kò ju méjì lọ lè lo kékeré. Nínú àpótí tíntìntín tí kò ju 60 tàbí 80 lítà lọ, àwọn mìíràn kò lo sìkímà rárá, wọ́n kàn ń pààrọ̀ omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ "ńlá ló dára" wọlé. Àwọn òǹtajà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Irọ́ ni, tàbí ká ní òótọ́ tó ṣẹ́kù sọ́nà. Bí ọrùn sìkímà bá gbòòrò jù fún ẹ̀gbin tó wà nínú omi, ìfófòó kò ní rí ohun tó máa gbé e ró. Á gòkè dé àárín, á wó lulẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́rin, ife á gbẹ, lọ́jọ́ karùn-ún á tú ìfófòó jáde pìtìpìtì. Èyí tó fi díẹ̀ ju iye omi lọ ló dára. Èyí tó fi ìlọ́po mẹ́rin jù ú lọ, owó ló ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí orúkọ sìkímà bí àwọn awakọ̀ ṣe ń jà lórí orúkọ ọkọ̀. Ken Feldman, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Penn State University l'Amẹ́ríkà, dán oríṣiríṣi sìkímà wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009 àti 2010. Nínú ẹ̀gbin tó yòrò nínú omi, bí 20 sí 35 nínú 100 ni wọ́n ń rí kó. Olówó ńlá inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ya olówó kékeré sílẹ̀. Kí èyí má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, kì í ṣe pé sìkímà kò wúlò. Ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́ta ẹ̀gbin tó jáde kó tó rà, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé nítorí òun ra olówó iyebíye, òun kò ní pààrọ̀ omi mọ́, á kábàámọ̀.

KÁFÍŃTÀ, Ẹ MÚ TÉÈPÙ YÍN

Gbogbo oníṣẹ́-ọwọ́ mọ̀ pé ohun tí kò bá wọlé, bó ti wù kó dára tó, kò wúlò. Àìmọye ènìyàn ló ti ra sìkímà wálé kó tó mọ̀ pé kò lè wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ dígí. Kò tó kí wọ́n wọn gíga ẹ̀rọ nìkan. Òkè ni wọ́n ti ń yọ ife, àyè gbọ́dọ̀ wà lókè ẹ̀rọ fún ọwọ́ láti gbé ife kúrò láìtẹ̀ ẹ́. Káfíńtà tó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tí kò béèrè ohun tó máa wà nínú rẹ̀, òun náà lẹ́bi tirẹ̀.

Ó tún ku jíjìn omi. Ọ̀pọ̀ sìkímà tó ń dúró nínú àpótí ìsàlẹ̀ fẹ́ kí omi tó yí wọn ká jìn ní nǹkan bí 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, ìwé tó bá a wá ló máa sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi yẹn kò sì gbọdọ̀ máa lọ sókè-sódò. Omi ń fò lọ lójoojúmọ́, bó bá wálẹ̀, ìfófòó náà á wálẹ̀. Bí wọ́n bá rọ omi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìfófòó á ṣàn kúrò nínú ife. Pátákó dígí kan tí wọ́n fi ya àyè sìkímà sọ́tọ̀, kí omi ibẹ̀ má yí padà, tó iṣẹ́. Ẹni tí kò ní àpótí ìsàlẹ̀ lè ra èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí dígí. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ojú ń rí i, etí ń gbọ́ ọ.

Ti inú ẹ̀rọ ló kù. Ti àtijọ́ ń lo igi kékeré bí ìka ọwọ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba ihò tíntìntín inú rẹ̀ jáde. Kò wọ́n, hóró rẹ̀ sì dára, àmọ́ igi yẹn ń dí, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó gbòde báyìí ní pọ́ǹpù tí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti òòyà. Bó ti ń yí, ó ń fa omi àti afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì ń gé afẹ́fẹ́ yẹn sí wẹ́wẹ́. Pọ́ǹpù yìí gan-an ni ẹ̀mí ẹ̀rọ. Mẹkáníìkì á yé e: ara tó ń dán kọ́ ni wọ́n ń wò, ẹ́ńjìnì ni. Kí òǹrajà béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ yẹn ṣeé rí rà lọ́tọ̀, nítorí ó máa ń jẹ. Kí ó béèrè iná tó ń jẹ, nítorí wákàtí 24 ni á fi máa ṣiṣẹ́. Kí ó sì ní kí wọ́n tàn án kóun gbọ́ ariwo rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ yàrá ìsùn ni dígí máa wà.

IFE TÓ Ń RÙN

Sìkímà tuntun kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ọ̀rá ọwọ́ àwọn tó ṣe é ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀rá sì ń pa ìfófòó. Á gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó mọ́lé. Láàrin àkókò yẹn, á máa hó bó ṣe wù ú, àwọn tí kò ní sùúrù á ti dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní ẹ̀rọ burúkú ni wọ́n tà fáwọn. Kódà tó bá ti mọ́lé, bí ẹni tó fi ọ̀rí para bá ti ọwọ́ bọ omi, tàbí tí oúnjẹ ẹja bá ní òróró, ìfófòó á sinmi fún wákàtí mélòó kan.

Àwọ̀ ohun tó wà nínú ife ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá wọ́n tún un ṣe dáadáa. Bó bá mọ́ bí tíì tí kò nípọn, omi ti pọ̀ jù nínú ohun tó ń kó, wọ́n á dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bó bá ki, tó dúdú bí ẹ̀kọ iná tó jóná, tó sì ń rùn, ìyẹn dára, àmọ́ bó bá ki jù, á gan mọ́ ọrùn ẹ̀rọ kò sì ní dé ife. Ọrùn yẹn gan-an ni kí wọ́n máa nù ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń wó ìfófòó kó tó gòkè. Ìṣẹ́jú méjì kọ́ ni, àmọ́ ìdí tí ọ̀pọ̀ sìkímà kì í fi ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó ni ín á sì lọ ra òmíràn. Pọ́ǹpù náà, wọ́n á máa tú u ní oṣù mélòó kan, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fínígà, nítorí ẹfun inú omi òkun ń dì mọ́ ọn.

Ìyá tó wá láti Gbági rí gbogbo eléyìí lọ́jọ́ kejì. Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń nu ọrùn ẹ̀rọ pẹ̀lú àkísà.

"O ò kúkú fọ àwo báyìí nígbà tó o wà lọ́dọ̀ mi."

BÍ INÁ BÁ LỌ

Sìkímà ní iṣẹ́ kejì tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Afẹ́fẹ́ tó ń tú sínú omi ni ẹja ń mí, pàápàá lóru, nígbà tí iná ti kú lórí dígí tí ewéko inú iyùn kò ṣe afẹ́fẹ́ mọ́. Nínú yàrá tí wọ́n sé fèrèsé rẹ̀ nítorí òtútù, àwọn kan ń fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìta wá sí ẹnu sìkímà, kó lè máa rí afẹ́fẹ́ tútù gbà.

Ní oṣù Kejì 2021, ìjì yìnyín bá Texas, iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4, Houston wà níbẹ̀. Òtútù mú ènìyàn, ọ̀pọ̀ kú. Nínú ilé tó ní àpótí ẹja, omi ń tutù, pọ́ǹpù dúró, sìkímà dúró, ẹja ń yọjú sókè wá afẹ́fẹ́. Ẹni tó ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì tó ń tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ rí ọ̀nà gbé e gbà. Kò wọ́n rárá, kò tó ìdá mẹ́wàá owó sìkímà. Àwọn tí kò ní ín ń fi ife bu omi, wọ́n ń dà á padà láti òkè, ọwọ́ wọn kò sinmi, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Bí iná bá dé padà, ìyọnu mìíràn tún wà ńlẹ̀. Omi tó ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí àpótí ìsàlẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù dúró ti gbé jíjìn omi sókè, sìkímà á sì bú jáde, á da ẹ̀gbin gbogbo ọ̀sẹ̀ padà sínú omi tàbí sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi kékeré dá ìtànná sìkímà dúró, wọ́n á jẹ́ kí omi kọ́kọ́ padà sípò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ohun tó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀.

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" ni ìyá béèrè. "Níbi tó o dàgbà sí, ta ni ò ní jẹnẹrétọ̀?"

"Màámi, wọn ò jẹ́ ká tan án nínú ilé alájàpọ̀ yìí. Bátìrì ni mo rà." Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó fi hàn án. Pọ́ǹpù méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú páálí bátìrì mẹ́ta tí wọn kò tí ì ṣí.

Ìyá gba ọ̀kan, ó yí i wò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

"Wákàtí mélòó ni wọ́n ní á lò? Ó dáa. Gé e sí méjì."